Pósítà Kì í Kọ Orúkọ Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí pósítà, ṣùgbọ́n kì í ṣe pósítà òde àríyá tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Pósítà ìdìbò ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì lọ dìbò. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wò wọ́n. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa, a kì í ṣe ayàwòrán. Nítorí náà, bí a bá ń wo àwòrán, ojú ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò la fi ń wò ó. Kí ni wọ́n ná sí i, kí ló sì wọlé?

Ní ọdún 1996 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Operation Black Vote sílẹ̀, láti gba àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké yòókù níyànjú pé kí wọ́n má fi ètò ìṣèlú ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 2015, kí ìdìbò gbogbogbòò oṣù Karùn-ún tó dé, ẹgbẹ́ yìí àti ilé-iṣẹ́ ìpolówó Saatchi & Saatchi gbé àwọn pósítà kan jáde tí ènìyàn kò lè rí kó má dúró wò. Rankin, ayafọ́tò tí òkìkí rẹ̀ kàn, ló ya fọ́tò wọn. Àwọn gbajúmọ̀ tó wà níbẹ̀ ni Sol Campbell agbábọ́ọ̀lù, David Harewood òṣèré, Tinie Tempah olórin, àti Ade Adepitan tiwa, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ẹni tó gbá basketball lórí àga oníkẹ̀kẹ́ fún ilẹ̀ yìí títí tí wọ́n fi gba àmì ẹ̀yẹ idẹ ní Athens lọ́dún 2004. Ènìyàn dúdú ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n funfun báláú ni wọ́n kun ojú wọn nínú àwòrán náà. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, àwọ̀ ló ń bọ́ kúrò lára ilẹ̀ Britain.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ẹni tó yẹ ká yìn. Àwòrán náà lágbára. Ojú tí a mọ̀ dáadáa ni, síbẹ̀ ó dàbí ìgbà tí ènìyàn rí àbúrò rẹ̀ lójú àlá tí kò dá a mọ̀ mọ́. Àwọn kan bínú nígbà náà pé kí ló dé tí wọ́n fi ní láti kun ọmọ ènìyàn dúdú ní funfun kí wọ́n tó lè bá a sọ̀rọ̀. Àwa kò bínú. Ohun tó ya wá lẹ́nu ni bí ojú Yorùbá ṣe ka àwòrán náà sí ibòmíràn pátápátá. Nígbà tí a fi han ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè tí wọ́n bi wá ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé olórìṣà ni àwọn wọ̀nyí? Ta ló fi ẹfun kùn wọ́n lójú?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Funfun lọ́dọ̀ wa kì í ṣe àwọ̀ ìparẹ́. Funfun ni aṣọ Ọbàtálá, funfun ni Èyọ̀ fi ń jáde l'Ékòó, ẹni tí a bá sì rí tí ẹfun wà lára rẹ̀, a mọ̀ pé ọwọ́ ohun tó ju ènìyàn lọ ló wà. Ẹni tó ya fọ́tò yìí fẹ́ sọ pé ènìyàn ti pòórá. Ìyá wa rí i bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà wọ́n sí mímọ́ ni.

Funfun mìíràn tún wà o, èyí tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn ní Rye Lane ní Peckham mọ irú ìpara tí a ń sọ. Fela ti kọ "Yellow Fever" lórí bíbóra láti ọdún 1976, síbẹ̀ ìpara náà ṣì ń tà. Bí a bá fi ojú yìí wo pósítà náà, ó dunni ju bí àwọn tó ṣe é ṣe lérò lọ: ó ń sọ fún wa pé jíjókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò dà bí ẹni tó ń bó ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ, ojú á tì í. Ibi tí a ti wá rí kù-díẹ̀-kí-ó-tó rẹ̀ nìyí: àgbàlagbà ni ojú ń tì. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin pé ọmọ ọdún 17, a fi àwòrán náà hàn án, a dúró, à ń retí kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó wò ó, ó ní, "Dádì, fọ́tò yìí dáa o. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ní kí n ṣe gan-an?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sí nínú àwòrán náà.

Ọdún 2016 ni èkejì jáde, kí ìdìbò lórí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tó wáyé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà. Ẹgbẹ́ kan náà ló gbé e jáde. Pákó gígùn kan ni, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní ọgbà, tí ẹnì kan máa ń jókòó sí orí kìíní, tí ẹnì kejì a jókòó sí orí kejì. Ní apá kan, ìyá àgbà ará Éṣíà kan tó wọ sárì jókòó jẹ́ẹ́. Ní apá kejì, gìrìpá aláwọ̀ funfun kan tó fá orí rẹ̀ kodoro ń na ìka sí ìyá náà, ojú rẹ̀ le koko. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju pé ìbò ò ju ìbò lọ. Awuyewuye pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yà àti ẹ̀yà.

Àwa fẹ́ràn èyí ju ti àkọ́kọ́ lọ, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Òṣùwọ̀n ni pákó yẹn. Ọkùnrin náà wúwo ju ìyá náà lọ ní ìlọ́po méjì, ó sì ń pariwo, síbẹ̀ pákó náà dúró déédéé. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ rí i dájú pé apá ọ̀tún àti apá òsì ìwé owó bára dọ́gba, ẹ ò lè ṣàlàyé ìbò fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó sọ ìdìbò di ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ bá ìdìbò pàdé níbẹ̀ á rò pé inú ló ń bí ènìyàn kó tó dìbò. Bẹ́ẹ̀ ohun tó kan ọ̀dọ́ jù kò ní ìbínú nínú: owó iyàrá, owó ọkọ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́, bóyá ilé-ìkàwé àdúgbò á ṣì máa ṣí ní ọjọ́ Sátidé.

Ohun tí kò sí nínú pósítà méjèèjì ló wá jẹ́ ohun tó yẹ kí ilé Yorùbá kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ ilẹ̀ Commonwealth tó bá ń gbé ilẹ̀ yìí, tó sì ní ìwé àṣẹ ìgbé lọ́wọ́, ó lè forúkọ sílẹ̀, ó sì lè dìbò. Kò pọn dandan kó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdìbò ọdún 2016 yẹn, ọmọ Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, nígbà tí ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti gbé ibí fún 20 ọdún láì gba ìwé ọmọ onílùú kò ní in. Ẹ tún un kà. Mélòó nínú wa ló mọ̀?

Àwa kò mọ̀ nígbà náà. Ọdún 2001 la dé ilẹ̀ yìí láti wá kàwé. Ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2005 bá wa níbí, a sì fẹ̀yìn tì í, torí a gbà pé ti àwọn onípáspọ́ọ̀tù pupa ni. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, àìmọ̀ nìkan kọ́. Ẹ̀rù tún ń bà wá. Ìwé tí káńsù bá fi ránṣẹ́ tó ní kí a kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbé inú ilé, ta ló fẹ́ dá a lóhùn nígbà tí físà rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin? A mọ ìdílé tó jẹ́ pé gbogbo ìwé wọn ló pé, síbẹ̀ abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ̀rù yẹn ní ìyá, ó sì ní bàbá. Ọmọ ọdún 13 ni wá ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993. Bàbá wa wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n lọ tò lórí ìlà láti dìbò, wọ́n sì padà wálé bí ẹni tó lọ síbi ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba Babangida fagi lé ìdìbò náà. Bàbá wa kò tún dìbò mọ́ títí wọ́n fi kú. Ní ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà sọ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà di Ọjọ́ Ìjọba Àwarawa tí wọ́n sì fi oyè GCFR dá olóògbé M.K.O. Abíọ́lá lọ́lá, ṣùgbọ́n bàbá wa ti lọ kó tó dìgbà náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwa tí a wà lọ́mọdé nígbà yẹn la gbé ìsáré náà wọ bàálù wá síbí. Lórí tábìlì oúnjẹ, níwájú àwọn ọmọ, a máa ń sọ pé, "Ṣé ìbò wa á kà?" Lẹ́yìn náà, bí ìdìbò bá kù ọ̀sẹ̀ kan, a ó wá máa bá ọmọ wí pé kò ní ìtara. Níbo ni kó ti rí ìtara ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò lórí pósítà, kí a dé orí ìwé orúkọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni a ti ṣubú.

Títí di ọdún 2014, olórí ilé ló máa ń kọ orúkọ gbogbo ará ilé sínú ìwé kan ṣoṣo fún káńsù. Ètò tó bá Yorùbá lára mu ni: baálé kọ ọ́, ó parí. Láti ọdún 2014 ni òfin ti yí i padà. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà National Insurance rẹ̀. A lè ṣe é lórí fóònù, kò sì gba àkókò tí ìrẹsì fi ń jinná. Ní England, ọmọ ọdún 16 ti lè forúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní láti dúró kó pé 18 kó tó dìbò. (Ní oṣù Keje ọdún 2025 ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ mú ọjọ́ orí ìdìbò wá sí 16 káàkiri Britain, ní Scotland àti Wales, àwọn ọmọ ọdún 16 ti ń dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ tiwọn tẹ́lẹ̀.) Àmọ́ káńsù ṣì máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé lọ́dọọdún láti béèrè àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Lẹ́tà yẹn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìbéèrè lásán ni. Bí ẹ bá fi orúkọ ọmọ kún un, káńsù á tún kọ lẹ́tà sí ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé kó wá forúkọ sílẹ̀.

A kò fara balẹ̀ ka ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí lẹ́tà ilé dé ní ọdún 2023, a fi orúkọ ọmọ wa kún un pẹ̀lú ayọ̀, a sì sọ fún un pé, "A ti kọ orúkọ rẹ o." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà tirẹ̀ dé. Ó wò ó, ó ní àwọn òbí òun ti ṣe é, ó fi í sábẹ́ ìwé rẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ìforúkọsílẹ̀ fún ìdìbò gbogbogbòò parí. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ nípa ojúṣe ọmọ ìlú là ń bá a sọ nínú mọ́tò.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, àwa, ìyá rẹ̀ àti òun jọ rìn lọ sí ibùdó ìdìbò. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó ti lọ ṣe irun rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n rí orúkọ tiwa, wọ́n rí ti ìyá rẹ̀, wọ́n wá tirẹ̀ títí, wọn kò rí i. Obìnrin tó jókòó sídìí ìwé náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Kò sí ohun tó lè ṣe. Ọmọ náà jáde lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà títí àwa méjèèjì fi dìbò tán. Nígbà tí a ń padà bọ̀, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé kọ̀rọ̀ ilé wa. Ó wá ní, "Dádì, ẹ máa ń yẹ ìwé àwọn oníbàárà yín wò lẹ́ẹ̀mejì." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó.

Ọ̀ràn káàdì tún wà níbẹ̀, a ó fẹnu bà á díẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò ní England. Nínú ìdìbò ọdún 2024, wọ́n gba káàdì bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó, wọn kò gba káàdì Oyster ti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣe òfin yìí mọ ẹni tó ń rò. Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọlé o, nítorí wọ́n gba ti gbogbo ilẹ̀ Commonwealth, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, tí ojú ẹni tó ni ín bá ṣì jọ fọ́tò inú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé páspọ́ọ̀tù tí a ń tìtorí rẹ̀ sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba ní iṣẹ́ kan tó ṣe láì ṣe wàhálà!

Ẹ lè sọ pé ibò ọmọ kan ṣoṣo, kí ló já mọ́? Ní ọjọ́ kan náà yẹn, ní Hendon ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ìbò 15 ni ẹni tó wọlé fi ju ẹni tó tẹ̀lé e lọ. Ìbò 15. Ní òde àríyá wa, tábìlì kan àti ààbọ̀ nìyẹn, kí a tó ka àwọn tí a kò pè. Ìdá 59.7 nínú 100 ló dìbò jákèjádò ilẹ̀ yìí. Ìwádìí tí Electoral Commission gbé jáde ní ọdún 2023 sì fi hàn pé nínú àwọn tó lé ní 65 ọdún, 96 nínú 100 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé bó ti yẹ, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ ọdún 18 àti 19, kò ju 60 lọ. Àwọn 40 yòókù yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ni kò nítara. A mọ ẹnì kan tó nítara, tó ṣe irun rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, bí a bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu pósítà àwọn ẹlòmíràn, ó yẹ kí a fi tiwa kún un. Kí ìdìbò ọdún 2024 tó dé, ẹgbẹ́ wa náà tẹ ìwé ìléwọ́ jáde fún àwọn ọ̀dọ́. Àwa akápò la fọwọ́ sí owó rẹ̀, nítorí náà a mọ iye tó jẹ́. Bébà tó ń dán ni. Àwòrán ọkùnrin kan tó wọ agbádá wà níwájú rẹ̀, òwe mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ pẹ̀lú oyè wọn sì wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà kò sí níbẹ̀. Kò sọ pé kí olúkúlùkù kọ orúkọ ara rẹ̀. Kò dárúkọ National Insurance. Kò sọ irú káàdì tí wọn yóò gbà. Kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó lè forúkọ sílẹ̀ ní ilé àti ní ibi tó ti ń kàwé, bó bá ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló dìbò nínú ìdìbò gbogbogbòò. Ìwé tiwa burú ju pósítà ọdún 2015 lọ, nítorí pé ti tiwọn, ó kéré tán, fọ́tò rẹ̀ dára.

Ọmọ wa ló kọ èyí tí ẹ ó rí ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ojú ewé kan ni, kò sí àwòrán níbẹ̀. Ó pín in sí ohun tí ẹni ọdún 16 yóò ṣe, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe, àti ohun tí bàbá tàbí ìyá tó mú páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ yóò ṣe. Òwe kan kò sí nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwa la sì bá a tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ti rí i, wọ́n ní kò lẹ́wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò lẹ́wà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó pé 16 lẹ́nu àìpẹ́ yìí, lo ìwé náà kó tó gbẹ láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Inú ilé ìdáná ló jókòó sí, lẹ́tà National Insurance rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, ìyá rẹ̀ sì ń pè é pé oúnjẹ ń tutù. Àwọn ìwé náà yóò wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ti máa ń gba owó oṣù. Ẹni tó bá fẹ́ mú méjì, kó mú méjì.